Ọkọ̀ Mi Kò Forí Kanlẹ̀ Lónìí

Ẹ̀pẹ́, ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Àlùhámúdù lílàhì. Ògbólógbòó ọkọ̀ tí mo sọ di ilé dúró déédéé láti àárọ̀.

Àpò afẹ́fẹ́ tó gbé e ró ló máa ń jò. Bí mo bá ti pa ẹ́ńjìnnì, iwájú rẹ̀ á rọra máa wọlẹ̀. Oṣù tó kọjá, Màmá mi ò wọ̀ ọ́. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ rẹ ń forí kanlẹ̀ jù mí lọ!"

Lánàá n'Ìkòròdú, bàbá mẹkáníìkì fi fáàfù sí páìpù àpò kọ̀ọ̀kan, kí n lè ti afẹ́fẹ́ mọ́nú àpò. Wọ́n wá ń da omi ọṣẹ sí i bíi fọganáísà. Mo ní ó ti tó.

"Dúró, ọṣẹ ò tíì sọ̀rọ̀."

Fáàfù kan sì ń hó lóòótọ́! Wọ́n dè é le. Ìwàǹwára mi yìí...

Lónìí, Màmá kírun nínú ọkọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n wo ìta lójú fèrèsé.

"Èmi nìkan ni mo forí kanlẹ̀."