Bàbá, Ọkọ̀ Pupa Náà Kò Ní Lè Wá Gbé Yín

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi, Dérébà Àgbà tí gbogbo gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfaradà ẹsẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí yín láti Egan, ní Èkó níbí, lórí simẹ́ńtì tí mo kọ́kọ́ gbá dáadáa nítorí pé ẹ̀wù funfun ló wà lọ́rùn mi. Ìyá mi, ẹ gba ìdọ̀bálẹ̀ tiyín lọ́tọ̀; gaàrí tí ẹ fi rán onímọ́tò dé láìjá. Àǹtí Sìkírá, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ̀yin ni kí ẹ ka lẹ́tà yìí sí wọn létí, kí ẹ má sì fo ibì kankan, pàápàá ibi tí mo ti bú ara mi.

Iṣẹ́ ń lọ, a dúpẹ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń ta sólà ní Igando ni mo ṣì wà. Ìwé ẹ̀rí políì mi wà nínú férémù lára ògiri, èmi wà lórí páànù ilé onílé, mò ń to sólà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí, bí ó bá sì ti rọ̀, òórùn ààtàn Solous á wọlé tọ ẹni wá láìkanlẹ̀kùn. Ìyẹn ti mọ́ mi lára. Ohun tí kò tíì mọ́ mi lára ni pé tí mo bá délé, n kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń lọ jókòó sínú ọkọ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́. Òun máa ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà gan-an ni mo bá wá. Ẹ̀yin mọ bó ṣe dé ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn tí yóò gbọ́ lẹ́tà yìí lè má mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ní kí àwa oníbàárà máa fi nọ́mbà tó wà nínú ìdérí ìgò ránṣẹ́. Òùngbẹ ń gbẹ mí lórí páànù, mo mu, mo fi nọ́mbà ránṣẹ́, mo sì gba ẹ̀bùn kìíní. Ẹ̀bùn kẹta jẹ́ fíríìjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí fíríìjì yẹn nígbà tí ẹ bá ń gbàdúrà fún mi.

Ẹ béèrè lọ́jọ́ náà pé irú ọkọ̀ wo ni. Mo ní ọkọ̀ eré sísá ni, irú èyí tí wọ́n ṣe níwọ̀nba. Ẹ ní kí ló fà á tó fi jẹ́ níwọ̀nba, ṣé irin ló tán ni? Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mo ti wá rí i pé kò sí ẹni tó béèrè ohun tó dára ju ìyẹn lọ. Irin ò tán. Ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe díẹ̀, kí ẹni tó bá ní i lè mọ̀ dájú pé aládùúgbò òun kò ní. Wọ́n kan irin pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́ inú rẹ̀, wọ́n fín nọ́mbà sí i, kí ó lè dá wa lójú. Ohun tí wọn kò fín síbẹ̀ ni pé bí iná ẹ̀yìn rẹ̀ bá fọ́, kò sí òmíràn ní ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ kankan ní Èkó. Mo ti béèrè. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ wo nọ́mbà náà títí, ó ní kí n máa fi àdúrà wà á.

Mo ka gbogbo ìwé ìlò rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò. Ẹ̀yin tí ẹ wa lọ́rì máńgòrò títí irun yín fi funfun, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, níbi tó yẹ kí ẹrù wà. Ẹrù wà níwájú, níbi tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì wà, ibẹ̀ kò sì gbà ju báàgì kan lọ. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́, òkè ló ń lọ, bí adìyẹ tó na apá. Ìyẹ́ kan wà lẹ́yìn tó máa ń dìde fúnra rẹ̀ bí eré bá ti pọ̀, kí atẹ́gùn lè tẹ ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ kí ó má fò. Nítorí pé eré kò tíì pọ̀ rí, bọ́tìnnì ni mo fi ń gbé ìyẹ́ náà sókè nínú ọgbà. Ìyá onílé wa rí i, ó yìn ín, ó sì béèrè bóyá òun lè máa sá ata sí i.

Bọ́tìnnì mìíràn wà tó ń jẹ́ kí ó fò kúrò lójú kan bí ọta ìbọn. Ìwé ìlò ní kí a má lò ó àfi bí ọ̀nà bá tẹ́jú, tó gbẹ, tó sì gùn. Mo pa ìwé náà dé, mo wo ọ̀nà Egan.

Ìjókòó méjì péré ló ní, tèmi àti ẹyọ kan, méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nílẹ̀. Ẹni tó bá wọlé ń nà lọ ni, bí ẹni tó wà lórí ẹní. Lọ́jọ́ tí gaàrí dé, mo gbé e sórí ìjókòó kejì kí n lè ṣe bí ẹni tó gbé èèyàn. Ohùn obìnrin kan nínú ọkọ̀ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò de bẹ́líìtì. Kò dákẹ́ títí mo fi fi bẹ́líìtì de gaàrí. Èrò kan ṣoṣo tí ọkọ̀ yìí tíì gbé láti ilé wa nìyẹn.

Mo gbìyànjú láti gbé e jáde o; ọkọ̀ akẹ́rù ni ilé iṣẹ́ náà fi gbé e wọ inú ọgbà. Bọ́tìnnì kan tún wà tó ń gbé imú rẹ̀ sókè kí ó lè kọjá gegele. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu géètì. Imú gbéra, ó ga tó ìbú ìka mẹ́ta, ó dúró. Gọ́tà iwájú ilé wa kò mọ̀ nípa ìka mẹ́ta. Ikùn ọkọ̀ jókòó lé e, kò lọ, kò bọ̀. Àwọn géńdé àdúgbò ló bá mi gbé e lọ́wọ́ padà sínú ọgbà. Wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́, ẹnì kan ń pàṣẹ níwájú kí wọ́n má jẹ́ kó tẹ̀ sápá kan. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ọ̀gá, ṣé mọ́tò rèé àbí pósí ọlọ́lá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi ọ̀rá ńlá bò ó.

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó ń dùn mí jù. Ìyá Ìbùkún, obìnrin kan tó ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà nítòsí wa, ló gba ẹ̀bùn kejì. Kòròpé ni wọ́n fún un, bọ́ọ̀sì kékeré tuntun. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè wá láti gba ẹ̀bùn, kí a tó fọwọ́ sí ìwé, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní àbúrò mi, wòlíì wa rí òun nínú ìran, inú ọkọ̀ pupa ni òun wà, kòròpé yìí sì rèé, funfun ni, ṣé kí a ṣe pàṣípààrọ̀? Àwọn ará ilé iṣẹ́ náà ní kò burú bí àwa méjèèjì bá ti gbà. Bàbá, n kò ronú rárá. Mo ní kí ó padà lọ bá wòlíì, kí wòlíì tún ìran náà wò dáadáa.

Òun fúnra rẹ̀ ló ń wa kòròpé náà báyìí, láti Egan dé Ikotun. Òun ló ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, mo sì ń sanwó. Bí ó bá ti rí mi lókèèrè, á ní kí àwọn èrò sún, pé ẹni tó gba ẹ̀bùn kìíní ń bọ̀ wá wọ ẹ̀bùn kejì. Á ní kí n rọra o, ilẹ̀kùn tòun kì í lọ sọ́run. Gbogbo èrò á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rín in. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wo àyè ẹ̀yìn. Bàbá ìbá jókòó síbí yìí, wọn ìbá na ẹsẹ̀ sọ́hùn-ún. Ìyá ìbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ibi tí mo máa ń rò ó dé nìyẹn kí Ìyá Ìbùkún tó ní kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n má gbàgbé ṣéńjì mi.

N kò mọ̀ pé ẹ ti búra. Àǹtí Sìkírá ló pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọn ò tilẹ̀ kí mi. Wọ́n ní ṣé mo mọ̀ pé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bàbá dìde níwájú gbogbo jámọ́à, wọ́n fi Ọlọ́run búra pé mọ́tò ẹlòmíràn ni àwọn wà títí àwọn fi darúgbó, àwọn ò tún ní jókòó nínú mọ́tò ẹnikẹ́ni mọ́ títí ọmọ àwọn yóò fi gbé tirẹ̀ wá. Wọ́n ní gbogbo èèyàn ṣe kábárà, pé Ọlọ́run tóbi. Wọ́n ní egbò ẹsẹ̀ yẹn kò jiná, àwọn nọ́ọ̀sì ní kí ẹ máa wá fọ̀ ọ́ ní ọsibítù, ọkọ Àǹtí á gbé mọ́tò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yin á kọjá lára rẹ̀, ẹ ó máa fi ọ̀pá rìn lọ. Nígbà tó yá, ẹ ò lọ mọ́ rárá, nítorí ẹsẹ̀ kò gbé yín débẹ̀. Wọ́n ní dókítà ti dárúkọ gígé. Wọ́n wá bi mí pé ṣé pátíkúlà ni mo ṣì ń dúró dè, olórí burúkú jàre.

Pátíkúlà, ìyẹn ìwé ọkọ̀, ni mo kọ́kọ́ sọ fún yín lóòótọ́ pé ó ń dá mi dúró. Lẹ́yìn náà mo ní òjò ni. Lẹ́yìn náà mo ní taya ni wọ́n ń bá mi wá. Gbogbo rẹ̀ ló sún mọ́ òótọ́, kò sí ọ̀kan tó débẹ̀. Ẹ ò sì bínú rí. Ẹ kàn máa ń ní kí n jẹ́ kí ẹ gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ń dún. Màá gbé fóònù sẹ́yìn ọkọ̀, màá tẹ iná mọ́ ọn, ẹ̀yin á sì fetí sí i. Lọ́jọ́ kan ẹ ní ó ń dún bí ohun tó ti gbéra, tó ń bọ̀. Mo jẹ́ kí ẹ gbà bẹ́ẹ̀.

Kò bọ̀, Bàbá. Kò lè kọjá gọ́tà Egan, ká má tíì dárúkọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbé e dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹsẹ̀ yẹn kò lè tẹ̀ dé ibi tí ìjókòó rẹ̀ wà. Ọjọ́ tí mo ka ìwé ìlò tán ni mo ti mọ̀. N kò sọ ọ́, nítorí ó ń dùn mọ́ mi kí wọ́n máa pè mí ní ọmọ Dérébà tó ní mọ́tò. Mo ti ń wá ẹni tí yóò rà á. Ẹni náà yóò mú ohun tí yóò fi gbé e lọ dání wá.

Mo lọ bá Áfáà àdúgbò wa lórí ọ̀rọ̀ ìbúra náà. Wọ́n ní ìbúra tó bá fẹ́ ṣe èèyàn léṣe, kí a jáde kúrò nínú rẹ̀, kí a bọ́ tálákà mẹ́wàá, ó parí. Mo béèrè bóyá ọmọ lè bá bàbá rẹ̀ bọ́ wọn. Wọ́n ní bí bàbá bá yọ̀ǹda. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda; owó ìrẹsì ti wà lọ́wọ́ Ìyá. Mo ní kí wọ́n ka èmi náà mọ́ tálákà mẹ́wàá yẹn, nítorí mo ní mọ́tò tí kò lè gbé bàbá mi. Áfáà ní ẹni tó ń bọ́ni kì í bá wọn jẹ níbẹ̀.

Gbangba lẹ ti búra, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìwé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí jáde ní gbangba. Àǹtí Sìkírá, ẹ̀dà tí mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ fún Lèmọ́mù kí wọ́n kà á lẹ́yìn Jímọ̀. Kí jámọ́à gbọ́ pé Dérébà kò yẹ ọ̀rọ̀ wọn, ọmọ wọn ló purọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó dojú kọ mí; bọ́ọ̀sì èrò ni màá fi wálé ní ìparí ọ̀sẹ̀, yóò rí mi nígbà tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Kí Ọlọ́run wo ẹsẹ̀ yẹn sàn, kí ó fi wá sílẹ̀ fún ara wa. Ẹ bá mi kí àwọn àbúrò, ẹ kí gbogbo ará gáréèjì, ẹ kí àwọn ìyá tó wà lágbo ilé.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de Jímọ̀, Bàbá. Bí Àǹtí Sìkírá ṣe ń ka èyí lọ, ọkọ wọn ti gbé mọ́tò dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gbé yín lọ sí ọsibítù. Ó ti ṣèlérí fún mi pé òun ò ní pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ jókòó síwájú, kí ẹ lè na ẹsẹ̀. Tí kò bá wà á dáadáa, ẹ bú u bí ẹ ṣe máa ń bú gbogbo dérébà.

Èmi ni ọmọ yín, tí ojú ń tì,
Múrí.