Aṣọ Ìyá Wa Tí Ẹ Fẹ́ Pín

                                        Yàrá Òkè,
                                        Ilé Ìyá Aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Gíga.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọmọ, ẹ sì tún kú àṣẹ̀yìndè Ìyá wa. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Bàbá àwọn ìbejì ńkọ́? Ṣé àwọn ìbejì fúnra wọn ti ń sùn, àbí wọ́n ṣì ń bèèrè ìgbà tí ìyá àgbà máa dé? Ara tèmi le, ẹnu mi ni kò tíì le. Láti ìgbà tí mo ti dé kíláàsì yìí, ẹni tó jókòó tì mí kò tíì mọ ohùn mi.

Nígbà tí ẹ pè mí, tí ẹ ní kí n yan èyí tó wù mí nínú aṣọ Ìyá wa, nítorí pé ẹ fẹ́ fọ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó pín in fún ẹbí níparí oṣù, mo dákẹ́. Ẹ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ni. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lórí fóònù, ẹkún lẹ máa gbọ́.

Ìyá Aránṣọ, onílé mi, ní ìsọ̀ kan nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ń ránṣọ, ọ̀kan ń gbé àwo oúnjẹ. Àwọn tí èèyàn wọn kú máa ń kó aṣọ olóògbé wá, wọ́n á gé e, wọ́n á fi rán ìrọ̀rí fún àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní fọ́tò ò ṣeé gbá mọ́ra. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, èmi ló ń bá wọn tú bọ́tìnì. Ibẹ̀ nìkan ni dídákẹ́ mi ò ti yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, bíríkìlà kan gbé aṣọ ìyàwó rẹ̀ tó kú wá fún ìrọ̀rí ọmọbìnrin wọn. Aṣọ náà ń dán, ó gún régé nínú ọ̀rá. Ìyá Aránṣọ gbóòórùn ọrùn aṣọ, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

“Ta ló fọ̀ ọ́?”

“Èmi ni, Ìyá. Ṣé aṣọ ìdọ̀tí ni mo máa gbé wá bá àgbàlagbà? Mo tiẹ̀ sítáàṣì ẹ̀.”

“O ò bá kúkú sítáàṣì ara ẹ náà! A kì í fọ̀ ọ́, ọkọ mi. Òórùn ìyá ẹ̀ lọmọ yẹn fẹ́ fi sùn.”

Bíríkìlà náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló gbé aṣọ náà símú. Ó gbóòórùn abíyá rẹ̀, ó yí i padà, ó tún gbóòórùn ẹ̀yìn.

“Ọṣẹ ni,” ló wí.

Ìyá Aránṣọ wá rọra bi í bóyá gèlè kan ṣẹ́kù, tàbí aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Ó mi orí. Ó ti fọ gbogbo rẹ̀ tán kí àwọn tó ń bọ̀ wá kí i má baà bá ilé nídọ̀tí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbàárà, ó fi ọwọ́ tí sìmẹ́ǹtì ti bó bojú. Àwọn àgbà máa ń ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ti ọkùnrin yìí, àtomi àtagbè ni. Ìyá Aránṣọ ṣáà rán ìrọ̀rí náà fún un. Wọn ò pa á láṣà mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pín léèsì, ẹ pín bàtà, ẹ fún àbúrò Ìyá wa ní èyí tó dára jù. Búláòsì ìdáná Ìyá wa ni mo fẹ́, èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí iná jó létí ọwọ́. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní àkísà ni. Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ le.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ìbejì, ẹ bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ti fọ búláòsì náà kí lẹ́tà yìí tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi. Ẹ ṣáà fi ránṣẹ́.

                                        Èmi àbúrò yín ni,
                                        Dákẹ́jẹ́.