Òtẹ́ẹ̀lì tí Ọláníyì Bá Wa Wá

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ìlérí,
Ìkirè,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje, ọdún 2025.

Àbúrò mi Ọláníyì,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo nígbàgbọ́ pé ara rẹ le, pé oúnjẹ ń wọlé fún ọ, pé òtútù àsìkò òjò yìí kò sì tíì dé àyà rẹ. Àlàáfíà ni a wà níhìn-ín. Bàbá Ìní ọkọ mi ń lọ sí kánsù lójoojúmọ́, àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò, èmi náà sì ń lọ sí Àpòmù láti kọ́ àwọn ọmọ tí kò fẹ́ gbọ́. Màmá wà dáadáa. Lẹ́tà ni mo kọ, n kò fi fóònù ránṣẹ́, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí o lè fi àwòrán àtàǹpàkò dáhùn.

O mọ̀ pé Màmá yóò pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin lóṣù tó ń bọ̀. Nígbà tí mo bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ aṣọ, àwọn kò fẹ́ kí a pe ẹnikẹ́ni wá jẹun. Ohun méjì péré ni wọ́n fẹ́: kí wọ́n fi ojú ara wọn rí òkun, kí wọ́n sì sùn fún ọjọ́ mẹ́ta nílé ọmọ wọn ọkùnrin. Ọdún mẹ́fà ni o ti wà l'Ékòó, ẹsẹ̀ wọn kò tíì tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ.

Mo kọ ìyẹn ránṣẹ́ sí ọ. Ọjọ́ méjì ni o fi dákẹ́. Nígbà tí o máa dáhùn, o ní onílé ń tún òrùlé ṣe, pé kò ní parí títí di oṣù Kẹwàá, pé kí a jẹ́ kí o bá wa wá òtẹ́ẹ̀lì tí kò wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ọ̀rọ̀ náà. Ìwọ tí o bínú sí mi fún odidi oṣù méjì, nítorí pé mo wá ṣe ìpàdé olùkọ́ l'Ékòó tí mo sì sùn sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi Qaosarat dípò ilé rẹ, ìwọ náà lo wá ń wá òtẹ́ẹ̀lì fún ìyá rẹ. Nínú ìdílé wa, ẹni tó bá ní ẹbí nílùú, tó wá lọ sanwó kó tó rí ibi sùn, bí ìgbà tó bú ẹbí rẹ̀ ní gbangba ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fura.

Màmá kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ní, “Ọmọ mi wà l'Ékòó, kí n wá lọ sùn síbi tí àwọn alágbèrè ń sùn? Adéfúnkẹ́, ṣé mo jọ ẹni tó ń sá fún ọkọ lójú rẹ ni?” Mo ní òtẹ́ẹ̀lì ayé ìsinsìnyí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí n lọ wádìí, kí n wá sọ bó ṣe rí fún àwọn.

Mo wádìí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń wo orí fóònù. Àkọ́kọ́ tí mo rí ní odò ìlúwẹ̀ẹ́ tó mọ́ gaara, òdòdó yí i ká, owó rẹ̀ sì kéré. Lọ́jọ́ kejì mo tún rí odò ìlúwẹ̀ẹ́ kan náà, àga kan náà, àti obìnrin kan náà tó jókòó sétí omi, lábẹ́ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì mìíràn, ní Àbújá. Mo pe àwọn ti Èkó. Ọkùnrin tó gbé fóònù ní kí n kọ́kọ́ san owó ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí òun tó sọ àdúgbò tí àwọn wà fún mi. Mo bi í bóyá ilé náà máa ń rìn ni. Ó pa fóònù.

Èkejì wà nítòsí Ìyànà-Ìpájà. Mo béèrè iye tí wọ́n ń gba yàrá. Obìnrin tó dá mi lóhùn ní, “Wákàtí mélòó, àǹtí?” Mo ní ọjọ́ mẹ́ta ni. Ó ní, “Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀? Àǹtí, ẹ rọra o.” Bàbá Ìní rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ìyá tí mo fẹ́ mú lọ sùn síbẹ̀, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni.

Ẹ̀yìn èyí ni tìrẹ dé, Ilé Ìtura Edith, ní Ẹ̀gbẹ́dá. Àwòrán mẹ́rin ni o fi ránṣẹ́, gbogbo wọn ṣókùnkùn. Apá kan ti yọ lára àga tó wà nínú ọ̀kan. Nínú èyí tó jẹ́ ti balùwẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì ló wà láàárín gbùngbùn. Ìyẹn jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lu ènìyàn ní jìbìtì kì í ya bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Mo kọ̀wé sí nọ́ńbà tí o fún mi. Ẹni tó dáhùn ní Daniel ni orúkọ òun, pé òun ni òun ń gba àlejò. Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ, Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé. Mo ní yàrá méjì la fẹ́, pé àgbàlagbà kan wà nínú wa, ìyá wa. Ó ní kò sí wàhálà, òun yóò fi wọ́n sí yàrá ìsàlẹ̀, nítorí àtẹ̀gùn kò ní dára fún orúnkún wọn ọ̀tún. Mo gbé fóònù náà sílẹ̀.

N kò sọ̀rọ̀ orúnkún, Ọláníyì. N kò sọ ọ̀tún, n kò sọ òsì. Mo padà ka gbogbo ohun tí mo kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí níbẹ̀. Bàbá Ìní ní àwọn ọmọ yahoo ti wọnú fóònù mi, kí n yára lọ yí nọ́ńbà àṣírí báńkì mi padà. Mo yí i padà. Ṣùgbọ́n olè wo ló ń wá orúnkún ìyá arúgbó kiri? Mo bi ọ́ bóyá ìwọ lo sọ fún wọn. O ní rárá, pé o kò bá wọn sọ̀rọ̀ rí, ẹnìkan níbi iṣẹ́ rẹ ló fún ọ ní nọ́ńbà wọn. Mo kọ ìdáhùn rẹ sínú ìwé tí mo máa ń kọ nǹkan sí kí n tó sùn, mo sì fa ilà sí i lábẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, níwájú kíláàsì mi ní Àpòmù, mo pe ilé iṣẹ́ rẹ ní Ìkẹjà. Mo ní mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀. Obìnrin kan ní, “Ọláníyì wo? Ti ẹ̀ka ìṣirò? Háà, mà, ó ti pẹ́ o. Ọdún tó kọjá ni wọ́n dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́, àwọn mẹ́rìndínlógún.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Agogo lù, àwọn ọmọ wọlé, èmi jókòó síbẹ̀.

N kò sọ fún Màmá. N kò sì tíì so ọ́ mọ́ Daniel nígbà náà. Ohun tí mo rò burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rò pé nǹkan ti le fún ọ, pé o ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníjìbìtì, pé ìwọ lo ta ọ̀rọ̀ ilé wa fún wọn, kí wọ́n lè fi gba owó lọ́wọ́ èmi àti ọkọ mi. Mo kọ ìyẹn náà sínú ìwé. Mo ti ya ojú ewé náà dànù báyìí. Dárí jì mí. Bí ènìyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura, kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, Màmá ní kí n pe òtẹ́ẹ̀lì náà fún àwọn, àwọn fẹ́ fi etí ara àwọn gbọ́. Mo pè é, mo jẹ́ kí ohùn jáde síta. Imú ni ọkùnrin náà fi ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà, ó sì ń lú Yorùbá mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Màmá bi í léèrè ẹni tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì náà kẹ́yìn. Ó ní pásítọ̀ kan ni, mà. Màmá ní, “Òun àti ta ni?” Ó ní òun nìkan ni. Màmá ní, “Pásítọ̀ tó dá wá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, kí ló ń lé e nílé?” Ó ní òun fúnra òun yóò fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà. Màmá ní kó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

O mọ̀ pé Màmá kì í pa fóònù láìgbàdúrà, ìbáà ṣe ẹni tó ṣi nọ́ńbà ló pè wọ́n. Wọ́n gbàdúrà fún òtẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n gbàdúrà fún ọ̀nà, wọ́n gbàdúrà fún ẹni tó ń gbọ́ wọn. Wọ́n wá ní, “Àti Ọláníyì mi tó wà nílùú yín níbẹ̀, Olúwa, bá mi máa ṣọ́ ọ.” Láti ìgbà tí o ti sọnù lọ́jà Àpòmù ní ọmọ ọdún mẹ́fà, tí a fi odidi ọjọ́ kan àti òru kan wá ọ kiri, bí Màmá bá ti dárúkọ rẹ nínú àdúrà, kì í ṣe àmín ni à ń ṣe. Kò sí ilé mìíràn ní Ìkirè tó mọ ìdáhùn wa. Ìní mọ̀ ọ́n, Ayọ̀kúnmi tí kò tíì lè wẹ ara rẹ̀ dáadáa mọ̀ ọ́n. Kí èmi tó la ẹnu, ọkùnrin òtẹ́ẹ̀lì náà ti dáhùn, láti inú ọ̀fun rẹ̀, kì í ṣe láti imú mọ́: “Kò ní sọnù.”

Jẹnẹrétọ̀ ń kùn níbì kan lẹ́yìn rẹ. Ẹnìkan pe ọ̀gá Daniel láti òkèèrè. Fóònù náà sì kú.

Mo wo Màmá. Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n lọ sídìí èlùbọ́ tí wọ́n sá sínú oòrùn díẹ̀ tó yọ lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní, láìwo ojú mi, “Ibẹ̀ dára. Ibẹ̀ ni ká sùn.” Màmá wa tí kò fẹ́ gbọ́ òtẹ́ẹ̀lì sétí. Láti ìgbà náà, wọn kò béèrè ọ̀rọ̀ òrùlé rẹ mọ́. Mo máa ń wo ojú wọn bí a bá ń jẹun, bóyá n ó rí nǹkan kan kà níbẹ̀. N kò rí i kà. Ìwé púpọ̀ ni mo ti kà láyé mi, tìyá mi ni kò yé mi.

Ọláníyì, n kò bínú nítorí iṣẹ́ tí ò ń ṣe. Iṣẹ́ ni. Ohun tó dùn mí ni pé o fi òrùlé tí kò sí bò mí lójú. Ṣùgbọ́n mo ti ro ẹ̀bi tèmi náà. Nígbà tí o gba iṣẹ́ Ìkẹjà yẹn, èmi ni mo dìde nínú ìjọ tí mo ní àbúrò mi ti di ẹni ńlá. Ọdọọdún ni mo tún ń fi kún un. Bóyá àwa la gbé ọ gun òkè tó ga jù, tí a sì yọ àkàbà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ.

Ohun kan ṣì ń kọ mí lóminú. Owó tí Daniel pè fún yàrá méjì kò tó owó yàrá kan níbikíbi tí mo ti béèrè. Mo fura pé ìwọ lo fẹ́ fi owó oṣù rẹ dí i. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí àlejò mìíràn ń san ni a óò san, a óò sì gba rìsíìtì lọ́wọ́ Madam Edith fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ la ń bọ̀. Jímọ́ọ̀ awakọ̀ ló máa gbé wa, òun náà ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Mo ní kó fi lé ọ lọ́wọ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá, kó má wulẹ̀ dé Ìkẹjà. Bí ọkọ̀ wa bá dúró, má rán ẹlòmíràn jáde. Jáde wá fúnra rẹ, dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ, kí o sì fi ohùn tí Ọlọ́run fún ọ bá wọn sọ̀rọ̀. Bí o bá gba ìsinmi lọ́jọ́ náà, tí o sá, n kò ní tú ọ fó. Màmá yóò sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn yóò máa wo ojú gbogbo ẹni tó bá kọjá, èmi ni n ó sì máa wò wọ́n. Ohun tí mò ń sá fún gan-an nìyẹn, ju olè lọ, ju jìbìtì lọ.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ìgboyà tí ọjọ́ náà ń béèrè. Kí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ tó ọ jẹ, kó sì ṣẹ́kù. Ìtìjú kò ní gba ìyá lọ́wọ́ rẹ, kò sì ní gbà ọ́ lọ́wọ́ wa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ dàgbà,

Adéfúnkẹ́.

Àfikún: Màmá wọlé bí mo ṣe ń lẹ àpòòwé yìí. Wọ́n béèrè ẹni tí mò ń kọ̀wé sí, mo ní òtẹ́ẹ̀lì ni. Wọ́n ní kí n bá àwọn bi ọkùnrin tó ń gba àlejò níbẹ̀ bóyá yàrá tí òun fúnra rẹ̀ ń sùn ní fèrèsé. Ìwọ ni kí o dá wọn lóhùn.