Màmá Buarian Phonkhet, Ẹni Tó Mọ Iyì Oorun Nínú Sinimá

Oṣù ìkórè ìrẹsì lọ́dún 1951 ni wọ́n bí olóògbé, Màmá Buarian Phonkhet, ní abúlé Non Sawan ní agbègbè Khon Kaen. Ọmọ bíbí inú Bàbá Thongdam ni, ọmọ-ọmọ Kaeo tó gbin igi àjàgbọn inú ọgbà tẹ́ńpìlì yìí, tí púpọ̀ nínú ẹ̀yin àlejò wa jókòó sábẹ́ rẹ̀ báyìí. Màmá Chanpheng ni ìyá rẹ̀, obìnrin tó ń yan ẹja gbígbẹ tà níbikíbi tí wọ́n bá ti na aṣọ funfun tí wọ́n fi ń wo sinimá.

Bàbá Thongdam ló sì sábà máa ń na aṣọ náà. Fíìmù ìgbà náà kì í ní ohùn, òun nìkan ni yóò jókòó ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń gbé sinimá kiri, tí yóò fi ohùn sí ẹnu gbogbo òṣèré, àti ọkọ, àti ìyàwó, àti olè, títí dé orí ọmọ ọwọ́ tó ń ké. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú ojúbọ ẹbọra ìlú, tí ohun tó tọrọ sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, sinimá ni yóò fi san ẹ̀jẹ́. Ẹbọra ló ni irú sinimá bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ̀dá alààyè kan kì í sí lórí pápá, síbẹ̀ Bàbá Thongdam kì í fo gbólóhùn kan.

Olóògbé kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà tó bi í léèrè pé, “Bàbá, ta lẹ ń sọ gbogbo eléyìí fún?”

“Ẹni tó ni ín ni.”

“Mi ò rí ẹnì kankan.”

“Òun ń rí ẹ. Jókòó dáadáa.”

Ó jókòó dáadáa. Ó máa ń sọ fún wa pé gbogbo irun ara òun ló dìde lọ́jọ́ náà, àti pé láti ìgbà náà, òun kò rí àga tó ṣófo mọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe sinimá. Ṣùgbọ́n ọmọdé lọmọdé ń jẹ́, oorun a máa gbé e lọ kí fíìmù tó parí. Ẹ̀rù bà á pé inú ẹbọra lè ru. Màmá Chanpheng rẹ́rìn-ín ni. Ó ní, “Ta ló ń sùn níwájú ọ̀tá ẹ̀? Ibi tí ọkàn bá ti balẹ̀ lèèyàn ti ń sùn.”

Olóògbé ka ìwé mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ inú tẹ́ńpìlì abúlé wa, ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Khon Kaen, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ lọ́dún 1972. Iṣẹ́ olùkọ́ kò bá a lára mu. Lọ́dún 1974, ìwé ìròyìn kan gbà á gẹ́gẹ́ bí alámèyítọ́ fíìmù, iṣẹ́ tí àwọn ìbátan wa kò gbà pé iṣẹ́ ni títí dòní.

Lọ́dún 1977, ó fẹ́ Bunma Phonkhet, ẹni tó ń fun khaen, fèrè oníparun ilẹ̀ wa. Kò sí orin tí olóògbé fẹ́ràn tó o. Bí afunfèrè bá fẹ́ atẹ́gùn jáde, khaen a dún. Bó bá fà á wọlé, a tún dún. Nígbà tó kọ́kọ́ yé e pé fèrè ọkọ òun kì í dákẹ́ láti mí, ẹnu yà á débi pé ìrẹsì jóná lórí iná. Ohun tó fi ń wọn fíìmù nìyẹn títí tó fi dákẹ́. Ó ní èyí tó dára ni èyí tó ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tó ń fa èémí wọlé. Orin tó bá sì ń tì í kó sunkún, ó ní òun kò ní sunkún fún un.

Lọ́dún 1984, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Udon gbé fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ wá. Ìyá àgbà kan ń bó àjàgbọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń retí òjò, òjò sì rọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olóògbé sùn nídìí rẹ̀, ó lálàá ìyá rẹ̀, nígbà tó jí, ìyá àgbà ṣì ń bó àjàgbọn. Gbogbo rẹ̀ ló kọ sínú ìwé ìròyìn, oorun àti àlá, ó sì ní òun kò tíì rí fíìmù tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Olóòtú rẹ̀ fara ya. “Ṣé owó oorun ni mò ń san fún ẹ ni, Buarian?”

“Ẹ lọ wò ó ná, ọ̀gá. Tẹ́ ò bá sùn, ẹ lé mi.”

Olóòtú lọ. Kò lé e. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní Ìyá Oorun, àwọn kan tiẹ̀ gbé ìrọ̀rí lọ wo fíìmù náà láti fi ṣẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe fíìmù náà yọ sí ẹnu ọ̀nà wa. Ìjà la rò pé ó bá wá, àfi bó ṣe pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, tó tẹrí ba fún un. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìyá mi náà sùn. Mo ti ń rò ó pé kò fẹ́ràn ẹ̀ ni.” Ó fi ẹ̀dà fíìmù náà kan sílẹ̀ fún un.

Ní ti ẹ̀sìn, àràárọ̀ ni olóògbé ń gbé oúnjẹ fún àwọn àlùfáà Búdà. Lẹ́yìn tí Bàbá Bunma papò dà lọ́dún 2009, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na aṣọ sinimá sí pápá tẹ́ńpìlì yìí lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo àsìkò òjò. Fíìmù tí kò sẹ́ni tó ń wò ló ń fi hàn níbẹ̀. Ẹni méjì a wá, nígbà mìíràn ajá kan.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún yìí, ohun kan ṣoṣo ló tọrọ lọ́wọ́ wa: kí á fi fíìmù ìyá alájàgbọn hàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a bá sun òkú òun. Wirat, àkọ́bí rẹ̀, kọ̀ jálẹ̀. Fíìmù apanilẹ́rìn-ín ló fẹ́, bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe níbi ìsìnkú.

Ó ní, “Màmá, àwọn èèyàn á ti ká ẹní kó tó dé ìdajì. Wọ́n á ní a ò mọ àlejò ṣe. Ojú á tì wá.”

Olóògbé ní, “Wirat, bàbá àgbà ẹ ò ṣe sinimá fún èèyàn nígbà tó bá ń san ẹ̀jẹ́. Ta wá lẹ fẹ́ ṣe tèmi fún?”

Wirat wo ilẹ̀. Ó jáde síta, a sì gbọ́ tó ń fọn ikun imú lẹ́yìn ilé. Nígbà tó padà wọlé, ó bi í léèrè pé, “Ṣé ẹ̀rọ gbohùngbohùn Bàbá àgbà ṣì ń ṣiṣẹ́?”

Olóògbé dákẹ́ lọ́jọ́ kẹta sí ìgbà náà, lójú oorun.

Ó fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ: Wirat, Duangta àti Sutthida, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti Khamla àbúrò rẹ̀ obìnrin.

Ẹ̀yin àlejò wa, bí oòrùn bá ti wọ̀, Wirat yóò jókòó sídìí ẹ̀rọ, yóò sì fi ohùn ara rẹ̀ sọ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó wà nínú fíìmù náà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó máa lọ o, a ò ní bínú. Ẹni tí oorun bá gbé, ẹní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ sinimá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jókòó sí ìlà iwájú. Ó ní ẹni tó ni ín.

Màmá wa, àga yín nìyẹn. Ẹ sùn re. Bí ẹ bá ta jí, ìyá àgbà ṣì ń bó àjàgbọn.