Bí Mo Ṣe Fọwọ́ Ara Mi Ba Àyẹ̀wò Mshai Jẹ́

Wakesho ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ooru Mombasa tí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn. Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ òkè wa yìí máa ṣọ́ ọ, kí oúnjẹ má tán nínú ìkòkò rẹ, kí ọ̀gá rẹ má rí ẹ̀sùn kà sí ọ lẹ́sẹ̀. Àlàáfíà la wà. Màlúù pupa ti bí akọ. Erin wọ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa tó wà nísàlẹ̀, wọ́n jẹ èyí tó wù wọ́n, wọ́n tẹ ìyókù mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ erin kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ Mshai ọmọ rẹ ni, jọ̀wọ́ jókòó kí o tó ka ìyókù.

Ìwọ lo sọ lórí fóònù pé kí n mú un lọ sí ọ́fíìsì àyẹ̀wò ní Wundanyi, pé bí wọ́n bá rí bí ìwé kíkà ṣe ń dà á láàmú, wọ́n á fi í sí kíláàsì kékeré tó ní olùkọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kó lè kúrò lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn tó ń jókòó sí bí àlejò. O là á yé mi, etí mi méjèèjì ló gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ náà tó wọnú agbárí mi, ìdánwò ló ti dà, mo sì wí fún ara mi pé kò sí ìdánwò tí ọmọ ilé wa máa ṣe tí kò ní yege.

Mo bá lọ sọ́dọ̀ Mwakai aládùúgbò wa, ẹni tí wọ́n ti ṣàyẹ̀wò fún ọmọ-ọmọ tirẹ̀, mo bi í pé ìwé wo ni wọ́n fún ọmọ náà kà. Ó ní ìwé ehoro àti ìkookò ni. Mo ra ìwé náà. Lálaalẹ́ ni mò ń kà á sí Mshai létí, tí òun náà ń kà á tẹ̀ lé mi láìwo ìwé. Wakesho, ọmọ yẹn lórí! Kò pẹ́ tó fi gba gbogbo rẹ̀ sórí, títí kan ibi tí mo ti wúkọ́. Tó bá débẹ̀, òun náà á wúkọ́.

Nígbà tí a dé Wundanyi, etí rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Wọ́n de nǹkan mọ́ ọn létí, wọ́n ní bó bá ti gbọ́ ìró kó nawọ́. Kí ọmọ má baà dá nìkan ṣe é, èmi náà ń nawọ́, bẹ́ẹ̀ wọn ò de nǹkan kan mọ́ mi létí. Madam Nyambu, obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò náà, wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló mú ìwé jáde, ehoro àti ìkookò náà ni. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa bá ọmọ ṣí i. Ó kà á bí omi, ó wúkọ́ níbi tó yẹ, mo ní òtútù òkè ni. Madam bi mí bóyá ó máa ń kàwé nílé, mo ní Bíbélì gan-an ló ń kà fún wa. Ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ yìí mọ̀wé kà, kò nílò ìrànlọ́wọ́ kankan. Mo ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ matatu tó gbé wa padà sílé. O ní kí n fi fóònù fi ìwé èsì àyẹ̀wò náà ránṣẹ́ sí ọ. Mo ká a, mo ká a, n kò rí ojú ihò tó lè gbà á lára fóònù, ni mo fi fún awakọ̀ kó bá mi mú un wá fún ọ.

Ilé ni ìyá rẹ ti bi mí pé kíláàsì kékeré náà ńkọ́. Mo ní kí la fẹ́ fi ṣe, ṣebí ó ti yege. Ó gbé ṣíbí tó fi ń ro ugali sílẹ̀, ó ní bàbá Wakesho, ìwọ lo yege, ọmọ ò yege. Ìgbà yẹn lojú mi tó là. Mo ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá. Èyí tó tún burú ni pé nígbà tí Mshai padà sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, olùkọ́ ti gbọ́ pé ó mọ̀wé kà, ó wá ní oríkunkun ló ń ṣe é.

Mo mú un padà lọ bá Madam Nyambu, mo jẹ́wọ́ fún un, mo bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì mú ìwé mìíràn wá. Mshai wo ìwé, ó wo ojú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ehoro àti ìkookò. Mo ní, "Mshai, fi ehoro sílẹ̀. Èyí tó wà níwájú rẹ ni kí o kà."

Ó rọra sọ fún mi pé, "Bàbá àgbà, mi ò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀."

Wakesho, ojú tì mí, inú mi sì bàjẹ́. Mo sọ fún un pé èmi ni mo ṣìṣe, kó sọ ọ́ sókè kí Madam gbọ́. Ó sọ ọ́. Madam gbé àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ wo ìwé náà látìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn.

Wọ́n ti fún un láyè. Bí wọ́n bá ti wọlé lẹ́yìn ìsinmi, kíláàsì kékeré ló ń lọ. Mo pa àkùkọ. Mwakai bi mí pé kí la ń ṣe, mo ní Mshai fìdí rẹmi, kó wá bá wa jẹun. Ó ní orí mi ti dàrú.

Nítorí náà, fi owó ọkọ̀ tí á máa gbé e lọ sí Wundanyi ránṣẹ́, àti owó oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀. Madam ní kí èmi náà wá yẹ etí mi wò, nítorí ọwọ́ tí mo ń nà lọ́jọ́sí, ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró di ìgbà míì.

Ó pẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà pé ẹ ò ní fìdí rẹmi, n kò sì ní dẹ́kun rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi díẹ̀ kún un, fún ìwọ àti ọmọ rẹ. Níbi tí ẹ ò bá ti mọ̀ ọ́n, kí Ọlọ́run fún yín ní ẹni tí ẹ lè sọ fún pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, kí ẹ má sì máa wo ojú mi kí ẹ tó sọ ọ́. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mwadime