Ọmọbìnrin Inú Ọkọ̀ Ìkẹyìn

Bàbá mi, ọ̀gá káfíntà,

Ẹ kú ìsinmi o. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn kí ènìyàn máa kí yín gùn bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan, torí náà ẹ jẹ́ kí n lọ sórí ọ̀rọ̀ tààrà. Mo tún fíìmù yẹn wò. Èyí tó ní ọkùnrin oníbòjú nínú, tó ń bá àwọn eléré òyìnbó kiri láti ìlú dé ìlú. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsí àtẹ́lẹwọ́ yín lójú mi. Bàbá, irọ́ yín mà pọ̀ o!

Ẹ má bínú. Ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná, kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà láàárín wa tí a ò sọ rí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí màmá mi kú. Ẹ fi mí sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ gba Àbújá lọ, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìlú tuntun, tí wọ́n sì ń wá káfíntà lójú méjèèjì. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mi ò fi rí yín. Lẹ́yìn náà ẹ wá mú mi, a sì jọ gbé títí ẹ fi jáde láyé ní ìgbà òjò tó kọjá. Gbogbo ọdún tí a jọ gbé yẹn, mo ń fẹ́ bi yín bóyá ẹ tilẹ̀ rántí mi nínú ọdún mẹ́ta náà. Ọ̀rọ̀ yẹn á dé ètè mi, màá gbé e mì. Ẹ̀yin náà kì í ṣe ẹni tí í sọ tinú rẹ̀. Tí inú bá bí yín, ẹ ó máa fá igi. Tí inú yín bá dùn, ẹ ó tún máa fá igi. Báwo ni ọmọ ṣe fẹ́ mọ èwo ni èwo?

Inú àpótí irinṣẹ́ yín ni mo ti rí kásẹ́ẹ̀tì fíìmù náà. Ilẹ̀kùn yàrá mi ní Wúsè ti wú nítorí òjò, kò pa dé mọ́, mo sì ń wá ìfági yín. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìtìjú ni yóò jẹ́ fún mi kí n lọ pe káfíntà ẹlòmíràn. Ìfági wà lókè, ayùn wà lábẹ́ rẹ̀, òòlù yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, nísàlẹ̀ pátápátá ni kásẹ́ẹ̀tì wà tí ẹ fi àkísà wé. Kò ní páálí, kò ní àkọlé. Ìlà pẹ́ńsùlù méjì péré ló wà lára rẹ̀, irú èyí tí ẹ máa ń fà sára pákó tí ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo gbàgbé ilẹ̀kùn.

Ṣé ẹ rántí àgọ́ òṣìṣẹ́ wa? Ọ̀gá òyìnbó yín tó padà sílùú rẹ̀ ló fún yín ní ẹ̀rọ fídíò àti kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Ní gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè, yàrá wa á kún dé ẹnu ọ̀nà: Ìyá Bísí tó ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́, Málàm Sani onígéètì, àwọn bíríkìlà láti Ọ̀ṣun, àwọn awakọ̀ típà. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ òyìnbó jù nínú wọn, torí náà ẹ̀yin lẹ máa ń jókòó ti ẹ̀rọ, tí ẹ ó máa túmọ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ti máa bi yín ta ni áktọ̀, ta ni bọ́ọ̀sì. Gbogbo wa la mọ òfin: bọ́ọ̀sì ni ẹni burúkú, bọ́ọ̀sì ló ń kú. Áktọ̀ kì í kú. Ẹni tí kò bá mọ áktọ̀, báwo ni yóò ṣe mọ ẹni tí òun máa gbè lẹ́yìn?

Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tí mo lò ní àgọ́ ni ẹ fi fíìmù yẹn hàn wá. Àwọn òyìnbó kan ń gbé ọjà eré kiri nínú ọkọ̀ ẹrù: àwọn ẹṣin onígi tó ń yípo, kẹ̀kẹ́ gàgàrà kan tó ń gbé ènìyàn lọ sókè tó sì ń gbé wọn padà bọ̀, àgọ́ aláṣọ oríṣiríṣi. Wọ́n á dé ìlú kan, wọ́n á to gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n á tú u palẹ̀, ó di ìlú mìíràn. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tó fi ìbòjú onírọ́bà bo ojú, ó mú òòlù dání, ó sì ń pa ènìyàn. Wọ́n yìnbọn fún un, ó dìde. Wọ́n tì í sínú iná, ó tún dìde. Ẹ ní òun ni áktọ̀. Ẹ ní káfíntà ni, òun ló ń tún àwọn ẹṣin onígi ṣe. Ẹ ní ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló sọnù sínú ọjà eré náà, àwọn tí ó ń pa yẹn ló gbé e pamọ́, gbogbo àgọ́ tó sì ń wọ̀, ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Ìyá Bísí sunkún títí ó fi fi gèlè nu imú. Nígbàkígbà tí ọkùnrin náà bá gbé òòlù sókè, ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lójú, gọ́ọ̀mù pákó ló ń rùn lọ́wọ́ yín. Ohùn yín ni mo fi wo ìdajì fíìmù yẹn.

Ní ìparí, ẹ ní ó rí ọmọ náà. Àwọn ọkọ̀ ẹrù tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lórí títì, ẹ na ìka sí èyí tó kẹ́yìn, ẹ ní inú ibẹ̀ ló wà, ó ti sùn, ìdí nìyẹn tí a ò fi rí i. Mo na ọrùn títí. Ọkọ̀ ti lọ.

Ẹ̀rọ wa ti bàjẹ́ tipẹ́, ẹ mọ̀, torí náà mo gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ bá Àlùháájì kan, ará Ìlọrin tó ń fi fídíò háyà ní ọjà Wúsè. Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn yín ló dé. Ọ̀yàyà wà lára rẹ̀, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́. Bó ṣe rí ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù báyìí ló ké kai! Ó ní òun náà ní i, eruku ti bò ó lórí pẹpẹ, ẹni tó bá háyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í tún yà síbẹ̀ mọ́, torí fíìmù tí kò ní áktọ̀ ni. Mo ní ó ní o, ọkùnrin oníbòjú ni. Wálláhì, Bàbá, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀.

A jọ wò ó. Mo ti parí ìwé mẹ́wàá báyìí, kò sí gbólóhùn kan tí mi ò gbọ́. Ọkùnrin yẹn kì í ṣe káfíntà. Ó jí òòlù ni. Kò tún ẹṣin kankan ṣe, kódà ó fọ́ ọ̀kan. Mo dúró de ọmọbìnrin rẹ̀. Mo ní bóyá wọ́n á dárúkọ rẹ̀ láìpẹ́, bóyá wọ́n á fi fọ́tò rẹ̀ hàn. Fíìmù ń lọ, ọmọ ò dé. Kò sí ọmọ rárá, Bàbá! Wèrè kan lásán ló ń pa ènìyàn kiri.

Síbẹ̀, fíìmù náà kò burú tó bí Àlùháájì ṣe wí. Fún bí ààbọ̀ wákàtí ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn ò pa ẹnikẹ́ni. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ni wọ́n ń fi hàn ní ìdájí, tí wọ́n ń to kẹ̀kẹ́ gàgàrà náà nínú ẹrẹ̀, tí wọ́n ń mu tíì, tí wọ́n ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò máa rọ̀. Àfi bí àgọ́ wa. Wọ́n kọ́ gbogbo ohun tí àwọn ẹlòmíràn fẹ́ fi gbádùn, wọ́n sì kẹ́rù wọn. Ṣé ohun tí ẹ rí níbẹ̀ nìyẹn? Ṣé ìdí tí ẹ fi fa ìlà méjì sí i nìyẹn?

Inú bí mi díẹ̀ o, mi ò ní purọ́. Mo ní bóyá ẹ ò gbọ́ òyìnbó tó bí a ṣe rò. Ṣùgbọ́n mo ti tún àwọn kásẹ́ẹ̀tì méjì yòókù wò níbòmíràn, ti àwọn ẹlẹ́ṣin àti ti ogun, bí ẹ ṣe túmọ̀ wọn gẹ́lẹ́ ni wọ́n rí, kò yẹ̀. Kí ló wá dé tó jẹ́ ọ̀kan yìí nìkan? Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n gbádùn. Ní ọjọ́ Sátidé, mo wọkọ̀ lọ sí Kúbúwà lọ bá Ìyá Bísí.

Ó ń kí yín. Irun rẹ̀ ti funfun. Mo bi í léèrè fíìmù náà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fà mí jókòó.

Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti wo fíìmù yẹn kí n tó dé. Nígbà yẹn kò sí ọmọbìnrin kankan nínú rẹ̀. Bó ṣe wà lẹ túmọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ìjà ẹnu bẹ́ sílẹ̀: níwọ̀n bí ọkùnrin yẹn kò ti kú, áktọ̀ ni. Tó bá jẹ́ áktọ̀, kí ló dé tó ń pa ènìyàn? Málàm Sani bi yín, àwọn bíríkìlà bi yín, ẹ ní ẹ ò mọ̀. Wọ́n ń jà á níbi iṣẹ́ títí di ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ̀yin ò tilẹ̀ dá sí i mọ́. Ẹ tọrọ ààyè nínú ọkọ̀ tó ń lọ kó pákó ní apá ọ̀dọ̀ wa, ẹ sì gbé mi dé, èmi tí mo sùn fọnfọn lórí pákó ní ẹ̀yìn ọkọ̀.

Sọ́ńdè yẹn, ẹ gbé mi jókòó sáàárín ẹsẹ̀ yín, ẹ tẹ ẹ̀rọ, ìdáhùn sì jáde lẹ́nu yín. Ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Ìyá Bísí ní gbogbo yàrá wo yín, wọ́n sì wo èmi. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé kò sí ọmọ nínú fíìmù náà. Kò sí ẹni tó jiyàn. Málàm Sani tó máa ń bá rédíò pàápàá jiyàn, yauwa nìkan ló wí, ìyẹn ni pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyá Bísí ní kì í ṣe ọkùnrin oníbòjú ni òun ń sunkún fún lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá, ìdí tó fi tó ọdún mẹ́ta, mi ò tíì mọ̀. Ìyá Bísí náà ò mọ̀. Ṣé ojú mi ló ń tì yín? Ṣé ojú màmá mi lẹ ń rí lára mi? Ìbéèrè yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, màá sì máa bi yín. Àmọ́ mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ gan-an ni.

Lánàá mo padà sọ́dọ̀ Àlùháájì. Mo ní kó bá mi dá ọkọ̀ ìkẹyìn yẹn dúró lójú ẹ̀rọ. Ó dá a dúró. Tápólì ni wọ́n fi bo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, igi díẹ̀ yọ orí lábẹ́ rẹ̀. Mo wò ó pẹ́ gan-an. Mo rántí òórùn pákó tútù, mo rántí ẹ̀wù iṣẹ́ yín tí ẹ fi bò mí lójú ọ̀nà. Àlùháájì sún mọ́ ẹ̀rọ, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní kí ni mò ń wò gan-an, òun ò rí nǹkan kan.

Mo ní ọmọ kan wà níbẹ̀, ó ti sùn ni.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ lọ mú.