Ìkòkò Oníhò Láti Odò Indus

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú amọ̀, ẹ kú èéfín, ẹ sì kú òjò tí kì í jẹ́ kí ìkòkò tètè gbẹ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Bìní níbí. Mo kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀. Òjò ò jẹ́ ká sinmi ní àdúgbò wa ní Uselu náà. Lánàá, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé mi bọ̀ láti yunifásítì kú sínú omi, èmi àti awakọ̀ la jọ tì í. Ẹ̀rín ni mo ń rín, torí mo ti gbọ́ ìròyìn ayọ̀.

Màmá, wọ́n mú mi! Mò ń lọ sí Íńdíà!

Ẹ mọ̀ pé ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn ará àtijọ́ etí odò Indus, tí wọ́n ń fi bíríkì kọ́lé tí wọ́n sì ń la gọ́tà sójú títì láti ìgbà láéláé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò kan àpáàdì wọn kan ṣoṣo rí, inú fọ́tò ni mo ti ń wò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bẹ àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ wá ohun àtijọ́ níbẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n ní rárá. Mo sunkún nígbà kejì, mi ò sọ fún yín. Ọmọ-ọmọ yín, tó gbọ́ Yorùbá àmọ́ tó jẹ́ pé Pidgin ló fi ń dáhùn, ní kí n yáa lọ gbẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa.

Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà. Bàbá àgbà tó jẹ́ olórí wọn fi fọ́tò ìkòkò gíga kan hàn mí, ihò láti ọrùn dé ìdí. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ohun tí wọ́n ń fi ṣe, kí ni èmi rí sí i? Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa mí. Ajere rèé, ajere tí ẹ̀ ń mọ fún àwọn tó ń yan ẹja! Ó kù díẹ̀ kí n là á mọ́lẹ̀. Ni mo bá rántí ìgbájú tí mo jẹ lọ́wọ́ yín, nígbà tí mo sáré dárúkọ ìkòkò tí mi ò tíì yí ìdí rẹ̀ wò.

Mo wá sọ fún wọn pé ìyá mi amọ̀kòkò ní Ìpetumodù yóò kọ́kọ́ wo ìdí rẹ̀ bóyá iná ti sọ ọ́ di dúdú, yóò sì fi ìka wá inú ihò náà kó tó sọ̀rọ̀. Bàbá náà ní ìyá mi gan-an ló yẹ kí àwọn gbà.

Ìkòkò yín ò ní sán o, ojú yín ò ní fọ́ lẹ́nu iná. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé. Ẹ wúre fún mi, oṣù mẹ́ta ni n ó lò níbẹ̀.

Fọ́ọ̀mù wọn ní kí n kọ orúkọ olùkọ́ tó kọ́ mi níṣẹ́. Màmá, orúkọ yín ni mo kọ.

Ọmọ yín,
Àsàkẹ́